Ọkọ̀ Ojú Omi Tí Kò Yẹ Ká Wọ̀: Ìrírí Mi ní Àfonífojì Samaria

Owó takisí alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ju owó mọ́tò tí a háyà fún ọjọ́ méjì lọ. Ohun tó ń dùn mí títí di òní nìyẹn, òun ló sì mú kí n jókòó kọ èyí. Ìrìn náà fúnra rẹ̀ kò ní àbùkù. Bí a ṣe máa padà sídìí mọ́tò ló dojú rú.

Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la jọ kúrò ní London lọ sí erékùṣù Kírétè ní ilẹ̀ Gíríìsì, Kírétè kan náà tí a máa ń kà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì. Ìlú Chania la dé sí. Láti ilé ni mo ti pinnu pé a máa fẹsẹ̀ rin àfonífojì Samaria tó wà ní erékùṣù náà já, láti orí òkè títí dé etí òkun. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ bàtà àti báàgì dá yín dúró, ẹni tó bá fẹ́ rìn mọ̀ pé bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn ló yẹ òun.

Xyloskalo, ẹnu ọ̀nà àfonífojì náà ní Omalos lórí òkè, la ti wọlé ní aago méje àárọ̀. Ibẹ̀ ga ju òkun lọ ní mítà 1,200 ó lé. Agia Roumeli ni ìrìn náà parí sí, létí òkun Líbíyà, kìlómítà 16 sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí títì mọ́tò kankan tó dé Agia Roumeli. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì wá láti Chania kò ní ohun tó ń pè é padà sí òkè. Àwa gbé mọ́tò, nítorí ọkùnrin tó háyà rẹ̀ fún wa sọ pé kí a gbé e sílẹ̀ lókè ní Omalos, pé kò séwu. Ó mọ ibi tí à ń lọ. Ó mọ̀ pé etí òkun la máa já sí. Kò sọ ìyókù fún wa, inú sì ń bí mi sí i.

Ìrìn yẹn dùn! Ìsọ̀kalẹ̀ àkọ́kọ́ le fún orúnkún, ṣùgbọ́n omi tútù tó ṣeé mu ń bẹ lójú ọ̀nà, a kò ru omi púpọ̀. A kọjá ní abúlé Samaria, tí àwọn ará ibẹ̀ kó kúrò ní 1962 nígbà tí ìjọba sọ àfonífojì náà di ọgbà àbò. Níwájú, àpáta sún mọ́ra débi pé àyè tó kù kò ju nǹkan bíi mítà 4 lọ, òkè sì ga lọ́tùn-ún lósì bíi mítà 300. Odò ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wa. Mo dúró, mo wòkè, omi bọ́ lójú mi. Èmi tí dókítà ní kí n máa fi orúnkún mi jẹ́jẹ́, mo rìn ín já!

A wẹ̀ nínú òkun, a jẹun, ó wá ku ọkọ̀. Ọkọ̀ méjì ló ń gbéra nírọ̀lẹ́, ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀. Ọ̀kan ń lọ sí ìhà ìlà oòrùn, sí Chora Sfakion. Èkejì ń lọ sí ìhà ìwọ̀ oòrùn, sí Sougia. Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bi mí pé níbo, mo ní Chania, torí ibẹ̀ la sùn. Ó já tíkẹ́ẹ̀tì Sfakion lé mi lọ́wọ́.

"Sístà mi, ṣé ẹ bi wọ́n nípa Omalos?"

"Chania ni mo sọ. Má da ara ẹ láàmú."

Orí omi ni mo tó yẹ máàpù wò dáadáa. Sougia ló sún mọ́ Omalos, bọ́ọ̀sì sì wà níbẹ̀ nígbà ẹ̀rùn tó ń gba Omalos kọjá. Ọkọ̀ kejì ti yí ẹ̀yìn sí wa, ó ń lọ síbi tí oòrùn ti ń wọ̀. Ọkọ̀ tiwa yà ní Loutro, tí ọ̀pọ̀ gbà pé òun ni èbúté tí àwọn tó wa ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù fẹ́ dé kí ìjì tó gbé wọn lọ. Lọ́jọ́ mìíràn, ọ̀rọ̀ yẹn ì bá gbà mí lọ́kàn. Lọ́jọ́ yẹn, mọ́tò ni mò ń rò.

Bọ́ọ̀sì gbé wa láti Sfakion dé Chania, ilẹ̀ ti ṣú. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì ni a gbọ́dọ̀ dá mọ́tò padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a máa san owó ọjọ́ mìíràn. Takisí tó gbé wa gun nǹkan bíi kìlómítà 40 ọ̀nà kọ́rọkọ̀rọ gba owó àlọ, ó tún gba owó àbọ̀, torí kò ní rí èrò gbé bọ̀ láti Omalos. A kò rí ibi dúnàádúrà. Mọ́tò tiwa nìkan ló kù ní pápá ìgbọ́kọ̀sí náà. Nígbà tí mo tẹ búréèkì, itan mi ń gbọ̀n, àbúrò mi ló gba ọwọ́ ọkọ̀, tó sì rọra wà wá sọ̀kalẹ̀ nínú òkùnkùn.

Ẹ tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì àbáwọlé o, wọ́n ń gbà á lẹ́nu ọ̀nà àbájáde kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹnì kan ṣì kù sínú. Àti pé láti May sí October nìkan ni wọ́n ń ṣí àfonífojì náà.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ní òun náà máa lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn: "Ẹ wọ bọ́ọ̀sì láti Chania. Bí ẹ bá ní dandan mọ́tò lẹ máa gbé lọ sókè, Sougia ni kí ẹ dárúkọ fún ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má dárúkọ Chania rárá."