Owó iná ìgbà òtútù: ṣé wọ́n á gbà á padà lọ́wọ́ màmá?

Ẹ̀yin tí màmá yín ń gba pẹ́ńṣàn ní London, Winter Fuel Payment yẹn, owó tí ìjọba fi ń ran àwọn àgbàlagbà lọ́wọ́ láti san owó iná ìgbà òtútù, £200 ni fún ilé kan, £300 tí ẹnìkan níbẹ̀ bá ti pé 80. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ ṣírò owó tó ń wọlé lọ́dún kí wọ́n tó yọ táàsì: pẹ́ńṣàn ìjọba, ti ibi iṣẹ́, èrè rẹ́ǹtì ilé tí wọ́n fi háyà, àmọ́ èlé inú ISA, àkáǹtì ìfowópamọ́ tí wọn kì í gba táàsì lórí ẹ̀, ò sí níbẹ̀. Tó bá ju £35,000 lọ, HMRC, àwọn agbowó-orí ìjọba, á gba Winter Fuel Payment náà padà, ẹ má fi ra aṣọ ẹbí o! Owó ẹnìkọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wò, tọkọtaya tí kálukú ń gba £34,000 ò ní dá kọ́bọ̀ padà, ọmọ tó ń san rẹ́ǹtì ní Peckham ló ń san táàsì tí wọ́n fi ń fún wọn, ẹ gbà mí! Tówó màmá bá kéré, ẹ bá wọn béèrè Pension Credit, àfikún owó tí ìjọba ń fún àgbàlagbà tówó ẹ̀ kéré, kí wọ́n má tijú.