Bí a ṣe ń se ọbẹ̀ ẹran àgùntàn oní-danggui fún ìgbà òtútù

Bí ẹ bá wà ní Lanzhou, olú ìlú Gansu ní Ṣáínà, lóṣù Kejìlá, òórùn ẹran àgùntàn àti ata ilẹ̀ á ti pàdé yín lórí àtẹ̀gùn kí ẹ tó kanlẹ̀kùn. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wọn gbà pé kíndìnrín ló ni ìgbà òtútù, pé ara ń kó ooru pamọ́ lásìkò náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kéèyàn tètè sùn, kó má tètè jí, kó sì máa jẹ ohun tó ń mú inú gbóná. Zhang Zhongjing, oníṣègùn ayé ìjọba Han, ti kọ ọbẹ̀ yìí sílẹ̀ láti ohun tó lé ní 1,800 ọdún, fún inú rírun tí òtútù fà àti fún ìyá ọmọ tuntun tí inú ń run.

Ẹ wá ẹran àgùntàn gíráàmù 500, kó léegun díẹ̀, ata ilẹ̀ tútù gíráàmù 30 àti danggui gíráàmù 10. Danggui ni gbòǹgbò gbígbẹ tó ń ta sánsán. Ti Minxian ní Gansu ló lókìkí jù. Bí ẹ bá wà ní London, ẹ ó rí i rà ní Chinatown.

Bíbọ̀ ẹran ló ń ba ọbẹ̀ yìí jẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Omi tútù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ bá ju ẹran sómi tó ti ń hó, ojú rẹ̀ á gan, ẹ̀jẹ̀ á há sínú, òun ni yóò sì máa rú jáde sínú ọbẹ̀ nígbà tó bá yá. Ẹ má dé ìkòkò. Ẹ dúró tì í: ìfófó á kọ́kọ́ funfun, lẹ́yìn náà á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á lẹ̀ mọ́ etí ìkòkò. Ẹ máa fi ṣíbí kó o títí kò fi ní yọ mọ́, kí ẹ da omi yẹn nù pátápátá. Mo ti rí ẹni tó ní àdánù ni, tó fi sè é lọ; kò sẹ́ni tó lè jẹ ẹ́. Omi gbígbóná ni kí ẹ fi ṣan ẹran, torí omi tútù á tún mú un le.

Lẹ́yìn èyí, lítà omi 2, ẹran, ata ilẹ̀ tẹ́ ẹ gé pẹlẹbẹ, danggui. Ìkòkò amọ̀ ni mo fẹ́ràn. Irin tó nípọn náà á ṣe é. Iná pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, wákàtí méjì. Iyọ̀ ló kẹ́yìn.

Ẹ má fi kún danggui pé kó lè tètè ṣiṣẹ́. Bó bá pọ̀, kíkorò ni yóò mú wá. Ata ilẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni Zhang ṣe wọ̀n ọ́n. Aláboyún kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń lo warfarin tàbí oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì. Bí ibà bá ń ṣe yín tàbí ọ̀fun ń ta yín, ẹ sún un síwájú.

Gbígbóná ni kí ẹ jẹ ẹ́ lálẹ́, kí ẹ ki ẹsẹ̀ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kí ẹ tó sùn. Bó bá ṣẹ́ kù, ẹ ha ọ̀rá tó dì lójú rẹ̀ kúrò láàárọ̀, kí ẹ gé luobo, gbòǹgbò funfun tó dà bíi kárọ́ọ̀tì ńlá yẹn, sínú rẹ̀, kí ẹ tó tún gbé e kaná.