Láti Ojú Pátákó sí Ṣíṣètò Ẹ̀kọ́ fún Àgbà

Ẹ̀yin olùkọ́ ilẹ̀ wa, ọ̀kun o. Tíṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mí ní Kabba kí n tó máa ṣètò ẹ̀kọ́ fún àwọn àgbàlagbà. Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ ò ní kọ́ iṣẹ́ tuntun pátápátá. Ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ ló yàtọ̀.

Orí àkòrí ni lẹ́sìn nóòtù wa ti ń bẹ̀rẹ̀: kaṣú, irú rẹ̀, àǹfààní rẹ̀, àrùn rẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC nílò ìyẹn. Àmọ́ ìyá tó ń ṣa kaṣú ní Ìyàrá kò fẹ́ ṣèdánwò kankan; kí oníbàárà má gé owó òun ló ń wá. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: kí ló yẹ kí ẹni yìí máa ṣe tí kò tíì máa ṣe?

Ẹ má jókòó sílé dáhùn. Ẹ lọ dúró ti òṣùwọ̀n nígbà tí wọ́n bá ń rà á, kí ẹ wo bí oníbàárà ṣe ń bu díẹ̀ nínú àpò, tó ń fi ọ̀bẹ là á wò. Ẹ ó rí kóró tí wọ́n já lórí igi kó tó gbó, èyí tí kò gbẹ, àtèyí tó hu nínú àpò rọ́bà nígbà tó yẹ kó wà nínú àpò ìdọ̀họ. Ẹ̀kọ́ yín ti dé nìyẹn.

Ẹ wá kọ ohun tí wọ́n máa lè ṣe. "Yóò mọ pàtàkì sísá kaṣú" kò tó. Láti 1962 ni Robert Mager, ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé lórí bí a ṣe ń kọ èròńgbà ẹ̀kọ́, ti kọ́ wa pé ká dárúkọ ìṣe, ipò tó ti máa wáyé, àti bó ṣe gbọ́dọ̀ dára tó. Tèmi rí báyìí: bí wọ́n bá gbé àtẹ kóró gbígbẹ àti tútù síwájú rẹ̀, yóò fi èékánná dán an wò, yóò sì yọ gbogbo èyí tó tutù. Èékánná kì í wọ kóró tó gbẹ dáadáa. Èyí tó bá ní àpá, oòrùn ló ń padà sí.

Ẹ gbé àtẹ yẹn kalẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀ rárá. Malcolm Knowles, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà lórí ẹ̀kọ́ àgbà, tẹnu mọ́ ọn pé àgbà kì í wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ òfo, ìrírí rẹ̀ ló ń kó bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má na ìka sí ìyá àgbà pé kó dìde dáhùn. Ẹ ní, "Màmá, báwo lẹ ṣe ń ṣe é nílé?" Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìdáhùn wọn máa ń dára ju ohun tí mo kọ sílẹ̀ lọ.

Ní ti ẹ̀rọ, ẹ má kánjú. Moodle, tí a ń kó ẹ̀kọ́ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àti H5P, tí a fi ń ṣe ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè tẹ̀ dáhùn, wà lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dúró, ohùn kúkúrú lórí WhatsApp ló ń ṣiṣẹ́.

Ẹ má tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ fi ìsinmi gígùn ṣe ẹ̀kọ́ kan tó pé, kí ẹ kó ìtàn rẹ̀ jọ: ìṣòro tí ẹ bá níbẹ̀, ohun tí ẹ fojú rí, iṣẹ́ tí ẹ fún wọn ṣe, àti ohun tó yí padà lórí òṣùwọ̀n nígbà tí ẹ padà lọ. Òun ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń wá "instructional designer". Orúkọ tí wọ́n ń pe ẹni tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ báyìí nínú ìpolówó iṣẹ́ nìyẹn.