Bí mo ṣe dá kúlà Màmá Ọ̀ọ́kán padà

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021 ni ọkọ̀ akẹ́rù tí ó gbé wa láti Ṣakí dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ibi iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé e lọ síbẹ̀, èmi, àwọn ọmọ wa méjèèjì àti ìyá rẹ̀ sì bá a lọ. A ti la Ìṣẹ́yìn, Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn kọjá, a gba Ìdí-Ayunrẹ́ àti Mámu wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, láìmọ̀ pé ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ sí ìsìnkú ní Èkó, kò sì ní í dé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Awakọ̀ já ẹrù wa sílẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà, ó gba owó rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Orí àpò èlùbọ́ ni ìyá ọkọ mi jókòó sí nígbà tí ojú ọ̀run bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú.

Ìyá kan tí a kò mọ̀ rí ló sọdá títì wá pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Kò béèrè ibi tí a ti wá, kò sì béèrè ẹ̀sìn tí a ń ṣe. Ohun tí ó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ta ló fi àgbàlagbà sínú ìrì báyìí?" Ó fa ìyá ọkọ mi lọ́wọ́ dìde, ó pe àwọn ọmọkùnrin méjì láti inú ilé rẹ̀ kí wọ́n wá kó ẹrù wa sábẹ́ páànù ìsọ̀ rẹ̀, ó sì kó àwa fúnra wa wọ pálọ̀. Kò pẹ́ tí ó fi gbé kúlà oúnjẹ aláwọ̀ búlúù kan ka iwájú wa. Ìkọ́kọrẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Kí n má parọ́, èmi tí wọ́n fi àmàlà tọ́ dàgbà kò mọ ohun tí mo ń wò: ó pọ́n fún epo, ó ní kókó rọ̀bọ̀tọ̀ rọ̀bọ̀tọ̀, ẹja sísáá sì yọ orí láàárín rẹ̀. Ọmọ mi àgbà bi mí sí etí bóyá àsáró ló bàjẹ́. Òun kan náà ló fi ìka nu ìdí kúlà nígbẹ̀yìn.

Kí a tó kúrò ní Ṣakí, àwọn aládùúgbò ti fi ẹ̀rín kìlọ̀ fún wa pé ará Ìjẹ̀bú a máa ṣírò owó kí ó tó kí èèyàn. Mo rántí ọ̀rọ̀ náà ní òru ọjọ́ yẹn lórí ẹní tí ìyá náà tẹ́ fún wa, ojú sì tì mí.

Kọ́kọ́rọ́ dé lọ́jọ́ kejì, a kó ẹrù wọlé, kúlà sì bá wa lọ. Àwọn ọmọ ti sọ ìyá náà ní Màmá Ọ̀ọ́kán nítorí pé ilé rẹ̀ dojú kọ tiwa. Ìyá ọkọ mi ní abọ́ tí a fi oúnjẹ inú rẹ̀ gbà wá lálejò kò gbọdọ̀ padà lófìfo, kí n bu èlùbọ́ Ṣakí sí i. Ìmọ̀ràn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ọkàn mi fẹ́ kí n fi ìkọ́kọrẹ́ tí mo sè fúnra mi dá a padà. Bóyá ìgbéraga díẹ̀ wà níbẹ̀.

Mo lọ sí ọjà Òkè-Ajé, mo ra iṣu tí ó wù mí lójú. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo fẹ́ fi sè fún aláta tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníṣu náà, ó pariwo pé iyán ni iṣu yẹn yóò dára fún, ewùrà ni mo gbọ́dọ̀ wá. Ó mú mi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń tà á. Ewùrà kò dán mọ́ni lójú bí iṣu gidi, omi sì pọ̀ nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣeé gún. Mo bó o, mo rin ín, mo dà á sínú ọbẹ̀ tí ń hó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bí ẹni ń ro àmàlà. Kí n tó ṣẹ́jú, gbogbo rẹ̀ ti yọ́ di ohun kan tí ó dà bí ẹ̀kọ mímu elépo. A mu ún ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò sì sọ̀rọ̀.

Èyí ló gbé mi sọdá títì láti lọ bẹ Màmá Ọ̀ọ́kán pé kí ó kọ́ mi. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá ní kí n wá lọ́sàn-án Sátidé, kí n má ṣe mú ohunkóhun dání ju ọwọ́ mi lọ.

Lọ́jọ́ náà, ó kọ̀ láti fọwọ́ kan iṣẹ́. Orí àpótí ló jókòó sí, tí ó ń fi ẹnu darí mi. Ó ní kí n fi epo pa ọwọ́ kí n tó bó ewùrà nítorí pé ó máa ń yún ni, kí n sì kó èyí tí mo bá bó sínú omi kí ó má baà dúdú. Ojú wẹ́wẹ́ lára páànù oníhò ni ó ní kí n fi rin ín, kí ó lè kúnná. Mo da iyọ̀ sí i, mo sì fi ọwọ́ lù ú nínú abọ́ títí ó fi fẹ́, tí ó ń yọ̀ láàárín ìka mi. Kò jẹ́ kí n bu ẹ̀kán omi kan sí i. Nínú ìkòkò, ata, àlùbọ́sà, epo pupa, edé, irú àti ẹja sísáá ti jinná pọ̀; omi ọbẹ̀ náà kò pọ̀, nítorí pé ewùrà fúnra rẹ̀ yóò tún sọ omi sílẹ̀.

"Ó yá, máa ju ú sí i, ìyàwó wa."

Mo ń fi ìka mẹ́rin bù ú díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń din àkàrà, mo ń jẹ́ kí kókó kọ̀ọ̀kan bọ́ sí ibi tí òmíràn kò sí. Nígbà tí ó tán, mo na ọwọ́ sí orógùn. Màmá gbá ọwọ́ mi dànù. Ó ní kí n dín iná kù, kí n dé ìkòkò, kí n sì jókòó. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo rò pé ó le jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà: mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń hó pùkù pùkù, ọwọ́ sì ń yún mi láti wò ó. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà ni ó tó gbà kí n rò ó lẹ́ẹ̀mejì péré. Apá kan yọ́, ó mú ọbẹ̀ ki. Apá kejì dúró ní kókó. Ó ní bí ó ti yẹ kó rí nìyẹn, àti pé bí ó bá di ọjọ́ kejì, kí n fi ẹ̀bà tútù jẹ ẹ́ kí n wò ó bóyá n óò tún rántí àmàlà. (Mo ṣì rántí àmàlà.)

Sátidé tí ó tẹ̀ lé e ni èmi nìkan sè é nílé wa, mo fọ kúlà búlúù náà mọ́ tónítóní, mo bù ú kún, mo sì gbé e sọdá. Màmá ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi ìka tẹ kókó kan, ó jẹ ẹ́. Kò yìn mí. Ó pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé kí ó gbé abọ́ wá, ó da ìkọ́kọrẹ́ náà sínú rẹ̀, ó sì gbé kúlà wọ ilé ìdáná. Nígbà tí ó jáde, gààrí Ìjẹ̀bú ti kún inú rẹ̀ dé ẹnu, ó ti dé e pa, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́.