Ẹ Má Da Pàǹtí Tí Kò Tíì Jẹrà Sídìí Irúgbìn

Lọ́dún tó kọjá, mo kó lẹ́búlẹ́bú pákó bárò mẹ́ta wá láti sọ́míìlì, mo fi ọkọ́ yí i pọ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ ebè kan, mo sì fọ́n ewédú sí i lọ́jọ́ kejì. Ó hù dáadáa. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ewé ìsàlẹ̀ ti pọ́n bí ìyeyè, igi rẹ̀ sì rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn. Ebè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí n kò fi nǹkan kan sí, tutù yọ̀yọ̀.

Pákó kì í ṣe májèlé. Àwọn kòkòrò tíńtìntín tí ojú lásán kò lè rí ló ń jẹ pàǹtí kó tó di ajílẹ̀, àwọn ló sì ń kọ́kọ́ jẹun kí irúgbìn tó jẹ. Kábọ́ọ̀nù, èròjà tó pọ̀ nínú igi àti pòròpórò, ló ń fún wọn lágbára, ṣùgbọ́n wọn ò lè pọ̀ sí i láìsí náítírójìn, èròjà tó ń mú kí ewé irúgbìn tutù yọ̀yọ̀. Nínú lẹ́búlẹ́bú pákó, kábọ́ọ̀nù lè tó ìlọ́po 400 náítírójìn tó wà níbẹ̀. Nígbà tí wọn ò bá rí èyí tó tó wọn, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń fà á, ebi á sì máa pa ewédú. Lóòótọ́, tí oúnjẹ wọn bá tán tí wọ́n sì ń kú, náítírójìn náà á padà sínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn lè gba ọ̀pọ̀ oṣù, ewédú tí à ń já ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò sì lè dúró dè é. Pòròpórò àgbàdo náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tirẹ̀ kò le tó ti pákó. Tí ẹ bá kàn tẹ́ ẹ bo orí ilẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Pípò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀ ló ń fa wàhálà.

Ìgbẹ́ adìyẹ yàtọ̀ pátápátá. Náítírójìn ló kún inú rẹ̀, kì í sì í pẹ́ kó tó di amóníà, ìyẹn gáàsì tó máa ń ta ni nímú. Ẹ bu ú tútù sídìí ata, ẹ ó rí i tí etí ewé máa gbẹ bíi pé iná jó o, nítorí gbòǹgbò ló ti jóná. Àwọn mìíràn mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n wá sá a sóòrùn lórí ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó lè "rọlẹ̀". Òórùn tó ń ta yín nímú, tó ń mú kí ojú yín máa ṣomi yẹn, ajílẹ̀ yín ló ń fò lọ. Ìgbẹ́ tútù sì tún ní kòkòrò àrùn. Ní Amẹ́ríkà, òfin àwọn tó ń ṣọ̀gbìn láìlo kẹ́míkà ní kí ìgbẹ́ tútù ti wà nínú ilẹ̀ fún ọjọ́ 120 kí wọ́n tó kórè ohun jíjẹ tó ń kan ilẹ̀.

Ẹ po méjèèjì pọ̀: pákó tàbí pòròpórò pẹ̀lú ìgbẹ́ adìyẹ, kí kábọ́ọ̀nù jẹ́ bí ìlọ́po 25 sí 30 náítírójìn. Ẹ kó o jọ kó ga tó mítà kan, kó tutù bíi kànìnkànìn tí a fún omi rẹ̀, kí ẹ sì máa yí i. Tí ẹ bá ti ọwọ́ bọ àárín rẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin, ẹ ò ní lè fi í síbẹ̀ pẹ́, torí ooru rẹ̀ lè lé ní 55 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì.

Ẹ má da eérú sí àkójọ náà nígbà tí kò tíì jẹrà. Eérú ń lé amóníà jáde kíákíá. Ohun tó sì ń dùn mí jù ni dídáná sun pàǹtí oko: èéfín ló ń kó náítírójìn lọ. Eérú èèpo kòkó, tí àwọn ìyá wa ń fi se ọṣẹ dúdú, ní pòtáṣíọ́ọ̀mù, èròjà mìíràn tí irúgbìn ń jẹ, gan-an, ṣùgbọ́n náítírójìn ti tán nínú rẹ̀.

Kí ẹ tó lo àkójọ yín, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ọ̀rá, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, ẹ dì í pinpin fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ tú u, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń rùn bí ilé adìyẹ, kò tíì tó. Tó bá ń ta sánsán bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, ẹ gbé e lọ sóko.