Bí Mo Ṣe Fi Ọwọ́ Ya Máàpù Ilẹ̀ Tí Kò Sí Láyé

Ìtàn ọmọdé kan tí mò ń kọ lọ́wọ́ ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ilẹ̀ tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀ kò sí níbì kankan, èmi ni mo rò ó jọ, odindi kọ́ńtínẹ́ǹtì kan. Ní orí kẹta, àwọn ọmọ inú ìtàn rin ọjọ́ méjì láti ìlú Ìdí-Ọsẹ̀ dé etí òkun. Nígbà tí mo dé orí keje, ọ̀nà kan náà yìí gbà wọ́n ní ọjọ́ mẹ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ kò dùn wọ́n, ọ̀nà kò sì dí. Mo rí i pé bí n kò bá tẹ́ ilẹ̀ náà síwájú ara mi kí n wò ó dáadáa, n kò ní mọ ibi tí mò ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ.

Mo ra kádíbọ́ọ̀dù funfun, mo jókòó. Ìlú ni mo kọ́kọ́ fi sí i, nítorí àwọn ìlú ni mo mọ̀ dunjú. Lẹ́yìn náà ni mo fi odò so wọ́n pọ̀ bí ẹni tó ń fi òwú sin ìlẹ̀kẹ̀. Ó dára lójú mi. Mo gbé e lọ fún màmá mi. Wọ́n wò ó, wọ́n fi ìka lé odò tó tóbi jù, wọ́n ní, “Eléyìí, níbo ló ti ń bọ̀?” Mo ní, “Láti inú òkun ni, mà.” Wọ́n ní, “Ó wá ń lọ sí ibo?” Mo wo bébà náà. Inú òkun ló tún ń lọ, ó sì gba orí òkè kọjá. Odò ni wọ́n ń pọn mu nígbà èwe wọn, ojoojúmọ́ ayé, wọ́n sì sọ fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé àwọn kò tíì rí odò tó gun òkè. Mo ká kádíbọ́ọ̀dù náà, mo ti í sẹ́yìn àpótí, mo lọ ra òmíràn.

Lẹ́ẹ̀kejì, etí òkun ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Bí èèyàn bá fi ọwọ́ lásán yà á, ọwọ́ á máa yí i róbótó bí ẹyin, etí òkun gidi kò sì rí bẹ́ẹ̀. Mo da ife ìrẹsì kan sórí bébà, mo fi ìka tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún títí ó fi fẹ̀. Ibi tí ìrẹsì ti sín wọnú di ibùdókọ̀ ojú omi, hóró mélòó kan tó fò lọ sápá kan di erékùṣù. Mo fi pẹ́ńsùlù tọ etí rẹ̀ yípo, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo sì kó ìrẹsì padà sínú ike. Nígbà náà ni mo pinnu bí ilẹ̀ náà ṣe máa tóbi tó. Mo ní kí sẹ̀ǹtímítà 1 dúró fún ìrìn ọjọ́ mẹ́ta, kí ìrìn ọjọ́ kan sì jẹ́ nǹkan bíi 30 kìlómítà. Ibi tó fẹ̀ jù lórí bébà tó sẹ̀ǹtímítà 45. Ẹ wò ó, ó ti lé ní 4,000 kìlómítà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó Ọsirélíà.

Òkè ló kàn. Mo tò wọ́n lọ gbọọrọ ní ìwọ̀-oòrùn, nítòsí òkun, mo sì jẹ́ kí atẹ́gùn òjò máa fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn yẹn wá. Ibi yìí ló yẹ kí èèyàn fara balẹ̀ sí jù. Atẹ́gùn tó ru omi òkun á kọlu òkè, á gùn ún, ara rẹ̀ á tutù, òjò á sì dà sílẹ̀ ní ojú òkè. Bó bá fi máa dé ẹ̀yìn òkè, ó ti gbẹ. Abúlé Debundscha wà ní ẹsẹ̀ Òkè Kamẹrúùnù, níbi tó kọjú sí òkun, òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún tó nǹkan bíi 10,000 mìlímítà. Nítorí náà, igbó dídí ni mo fi sí ojú òkè, mo fi ọ̀dàn sí ẹ̀yìn rẹ̀, aṣálẹ̀ sì tẹ̀ lé ọ̀dàn.

Lẹ́yìn èyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan odò. Odò Ọya ló là mí lójú. Orí òkè ní Gínì ló ti ṣẹ̀, ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi 240 kìlómítà lọ sí òkun Àtìláńtíìkì. Ṣùgbọ́n ó kẹ̀yìn sí òkun yẹn, ó kọrí sí Sàhárà, ó tún padà yíjú sí gúúsù, Bẹ́núè bá a ní Lọ́kọ́ja, ó sì ti rìn ju 4,000 kìlómítà lọ kó tó dé òkun. Mo ya irú rẹ̀ kan: odò tó ṣẹ̀ lẹ́yìn òkè, tó gba inú ọ̀dàn lọ. Gbogbo àwọn odò kéékèèké ń ya wọnú rẹ̀, kò sì pín sí méjì títí ó fi dé ẹnu òkun, níbi tó ti tú ká bí ìka ọwọ́.

Ìlú tòun torúkọ wá dé wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn baba wa kì í fi orúkọ ìlú ṣeré: ìlú tó wà lẹ́bàá ọ̀dàn ni Ìbàdàn, èyí tó sá sábẹ́ Olúmọ ni Abẹ́òkúta. Mo wo ohun tó wà níbẹ̀, mo sì fi pe ìlú: Ìpàdé-Omi, Ojú-Ọ̀sà, Ẹ̀bá-Yanrìn. Ìdí-Ọsẹ̀ ló dà mí láàmú. Inú igbó létí òkun ni mo fi í sí nínú máàpù àkọ́kọ́, igi ọsẹ̀ kì í sì í hù nínú igbó dídí. Mo gbé ìlú náà lọ sí ọ̀dàn.

Ìgbà tí mo wá ń fi yíǹkì tẹ̀ ẹ́ ni mo rí ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Àmì tóótòòtó ni mo fi ń tọ́ka ìlú, àmì abẹ́ lẹ́tà wa náà sì rí bẹ́ẹ̀. Tí mo bá wo “Ọ̀sà,” àfi bíi pé abúlé kan wà lábẹ́ ọ. Àmì ohùn tún ń kọlu ìlà òkè, n kò mọ èyí tó jẹ́ ohùn òkè lára lẹ́tà àti èyí tó jẹ́ òkè gan-an. Mo sọ àmì ìlú di òrùka kékeré, mo sì pinnu pé orúkọ ni màá kọ́kọ́ kọ, kí òkè àti igi tó yí i ká. Mo fi bébà sábẹ́ ọwọ́ kí òógùn má ba yíǹkì jẹ́, mo sì jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kí n tó fi írésà pa pẹ́ńsùlù rẹ́.

Nígbà tó gbẹ tán, mo wọn ọ̀nà láti Ìdí-Ọsẹ̀ dé etí òkun. Rúlà ní sẹ̀ǹtímítà 4. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í gba inú òkè kọjá bíi rúlà, mo wá fi òwú tọ ọ̀nà náà ní kọ́rọ̀kọ́rọ̀, mo nà án sórí rúlà, ó jẹ́ 6. Ọjọ́ méjìdínlógún! Oúnjẹ ọjọ́ méjì ni mo dì fún àwọn ọmọ náà. Àná ni mo padà sí orí kẹta, mo tú ẹrù wọn, mo fi gààrì àti ẹja gbígbẹ kún un, mo sì darí wọn gba etí odò, kí òùngbẹ má baà gbẹ wọ́n lọ́nà.