Kòkó wa àti owó ibodè: ibi tí a ti ń ṣì í ṣe

Ọ̀rọ̀ tí mo ń gbọ́ jù lẹ́nu oníkòkó ní Àkúrẹ́ ni pé òyìnbó kì í gba owó ibodè lórí kòkó. Òótọ́ ni, àmọ́ kò délẹ̀. Kòkó gbígbẹ inú àpò ni Yúróòpù kì í gba kọ́bọ̀ lé lórí. Ẹ lọ̀ ọ́ wò, tàbí kí ẹ fún òróró rẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ yí padà. Bọ́tà kòkó láti Nàìjíríà ń san 4.2 nínú 100. Èyí tí wọ́n lọ̀ kúnná tó ki bí ata lílọ̀, kì í ṣe ìyẹ̀fun, ń san 6.1. Ti Gánà àti Ivory Coast kì í san nǹkan kan, torí àdéhùn ìṣòwò tí àwọn àti Yúróòpù jọ ń lò láti 2016. Nàìjíríà kọ̀, kò fọwọ́ sí irú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wá pé ọjà òyìnbó á wọlé pa ilé iṣẹ́ wa. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ti òmùgọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń lọ kòkó ló ń sanwó rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ dá ilé ìlọkòkó sílẹ̀ kò gbọdọ̀ fi iye tí ará Gánà ń tà ṣe ìṣirò tirẹ̀. Bọ́tà tó tó 10,000 yúrò, 420 ti lọ nínú rẹ̀ kí a tó dórí epo jẹnẹrétọ̀. Ẹ má sọ pé ẹni tó rà á lọ́hùn-ún ló ń san án fún kọ́sítọ́ọ̀mù. Òun ni, àmọ́ iye tó máa dá lé ọjà yín ló ti máa yọ ọ́.

Ẹ má sì rò pé ibi tí wọn ò ti gba owó, ẹnu ọ̀nà ti ṣí síbẹ̀. Lọ́dún kan, mo gbé àpò kòkó mọ́kànlá lọ fún ọkùnrin kan tó ń kó o jọ fún àwọn tó ń fi í ránṣẹ́ sókè òkun. Ó ki ọwọ́ bọ àpò kejì, ó bu ẹ̀kúnwọ́, ó fi eyín pa hóró kan, ó gbé ìyókù sí imú.

"Ẹ̀gbọ́n, ojú títì lẹ ti sá eléyìí."

N kò lè jiyàn. Òjò ti ṣú, ẹní sì ti kún. Ìdá mẹ́ta owó mi ló yọ kan nínú rẹ̀. Èéfín mọ́tò àti ọ̀dà máa ń wọ inú kòkó, Yúróòpù sì ní ìwọ̀n tí ìyẹn kò gbọdọ̀ kọjá. Ní 2015, dichlorvos, oògùn kòkòrò tí àwọn kan ń dà sínú àpò, ló jẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ wa. Owó ibodè kò sí nínú ẹjọ́ yẹn rárá.

Ti oko ńkọ́? Òfin tí Yúróòpù ṣe ní 2023 ní kòkó tó bá ti inú oko tí wọ́n gé igbó dá lẹ́yìn 31 Oṣù Kejìlá 2020 wá kò ní wọlé. Wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú, àwọn kan sì ti ń jó pé ó ti kú. Bí ẹni tó ń ra kòkó yín bá fẹ́ fi fóònù yí oko ká kó lè fi ibi tí oko wà hàn, ẹ jẹ́ kó yí i. Kì í ṣe ilẹ̀ ló fẹ́ gbà.

Àdéhùn ọjà Áfíríkà (AfCFTA), tó ń dín owó ibodè kù láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, tó sì bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kìíní 2021, náà nílò ìwé tó fi hàn pé Nàìjíríà ni ọjà ti wá. "Ọmọ ìyá ni wá" kì í ṣe ìwé. Ẹ gba tiyín kí ẹ tó háyà ọkọ̀.